Ẹ bá mi wo eṣinṣin yìí: kí ló ń gún máńgòrò mi ní Ẹ̀pẹ́?

Ọlọ́gbà Pókà (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ kú àsìkò yìí o, gbogbo ilé. Mo ní ọgbà máńgòrò àti ọsàn lọ́nà Pókà níbí. Kò tóbi, àmọ́ òun la fi ń san owó iléèwé àwọn ọmọ. Láti ọdún mélòó kan báyìí, máńgòrò ń já bọ́ kó tó pọ́n tán. Tí ẹ bá mú un lọ́wọ́, ẹ ò ní rí nǹkan kan lára rẹ̀ ju ojú ihò kékeré kan tí oje ń sun níbẹ̀. Ẹ là á báyìí, ìdin funfun ló kún inú rẹ̀. Ìdin náà sì ń fò! Tí mo bá dà wọ́n sórí pákó, wọ́n á ká ara wọn kò, wọ́n á ta lọ síwájú.

Mo ń rí kòkòrò kan tó ń bà lé èso tútù lórí igi. Ó fẹ́ jọ agbọ́n kékeré, kò ju eṣinṣin ilé lọ, ó ní àwọ̀ ìyeyè lẹ́yìn, ìdí rẹ̀ sì ṣóńṣó. Mo dúró wò ó títí ó fi ki ìdí yẹn bọ èso lójú mi. Mo ti mú mélòó kan, mo kó wọn sínú ìgò sípírítì. Ẹni tó ń ta oògùn kòkòrò lọ́jà ní kí n ṣáà máa fọ́n oògùn, pé kò sí èyí tí kò ní pa. Mi ò fẹ́ da oògùn lé ohun tí mi ò mọ̀ lórí, pàápàá lára nǹkan tí èèyàn máa jẹ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó jọ̀ọ́ bá mi dá a mọ̀.

Ọmọ Ejìnrìn (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Lójú tèmi, àwọn eṣinṣin kéékèèké tó máa ń rọ́ bo ọ̀pẹ̀ òyìnbó lọ́jà náà ni. Ní tiwa, a máa ń fọ́n oògùn ní kùtùkùtù nígbà tí èso bá ti ń tóbi. Á dín kù fún ọjọ́ díẹ̀, á tún padà wá, a óò tún fọ́n òmíràn. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù, torí máńgòrò kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Tíṣà Agíríkì (Ìkòròdú)

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́gbà. Inú mi dùn pé ẹ kó wọn sínú sípírítì kẹ́ ẹ tó náwó lórí ohunkóhun.

Ọmọ Ejìnrìn, ẹ jẹ́ ká ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Èyí tó kéré, tójú rẹ̀ pupa, tó ń bo ọ̀pẹ̀ òyìnbó, Drosophila ni wọ́n ń pè é. Èso tó ti ń rà tàbí tó ti bẹ́ ni irú èyí tó wà lọ́jà wa ń wá kiri. Èyí tí Ọlọ́gbà rí tó ń gún èso líle lórí igi, ìdílé mìíràn ni, Tephritidae, eṣinṣin èso gan-an. Ìdin wọn a máa fò bó ṣe sọ yẹn. Abo á fi ẹyin sábẹ́ èèpo, ẹyin á pa láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ìdin á jẹ inú èso títí á fi yó, á wá bọ́ sílẹ̀, á ra wọnú yẹ̀pẹ̀, kì í jìn ju ìka kan sí méjì lọ. Ibẹ̀ ló ti ń para dà di eṣinṣin. Ìyẹn ni oògùn orí ewé kì í fi í tó wọn: ẹyin àti ìdin wà nínú èso, èyí tó ń para dà wà nínú ilẹ̀. Tí ẹ bá pa èyí tó ń fò lónìí, àwọn mìíràn á yọ látinú ilẹ̀ lọ́la.

Àmọ́ ẹbí yẹn gbòòrò. Ọlọ́gbà, ẹ wá awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, kẹ́ ẹ bá wa wo èyí tó wà nínú ìgò. Apá mélòó ló ní? Mẹ́rin ni ti agbọ́n, méjì péré ni ti eṣinṣin. Níbi tí méjì yòókù ì bá wà, ẹ ó rí ọ̀pá tín-ín-rín olórí róbótó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ṣé apá náà mọ́ gaara ni, àbí ó ní ìlà àti àbàwọ́n? Ìlà ìyeyè mélòó ló wà lẹ́yìn rẹ̀? Kí ni ẹ rí ní ìdí rẹ̀? Tí awò bá ṣòroó rí, ẹ kán omi ẹ̀kán kan péré sójú kámẹ́rà fóònù, ẹ fi ya fọ́tò láti tòsí. Á mú un dáadáa.

Ọlọ́gbà Pókà (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ ṣé gan-an, Tíṣà. Ọmọ mi bá mi wò ó, ojú tirẹ̀ ṣì dá ju tèmi lọ. Apá méjì ni, ọ̀pá olórí róbótó yẹn sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Apá mọ́ gaara, àfi ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gba etí iwájú lọ dé ṣóńṣó, àti òmíràn tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ ní ìsàlẹ̀ lẹ́bàá ara. Lẹ́yìn rẹ̀, ìlà ìyeyè méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kò sí nǹkan kan láàárín. Ibi tí ẹ̀yìn parí sí kí ìdí tó bẹ̀rẹ̀, ìyeyè ni gbogbo rẹ̀. Ní ìdí, ìlà dúdú kan dá ìbú, òmíràn ti àárín rẹ̀ bọ́ sísàlẹ̀, ó wá di lẹ́tà T. Ojú rẹ̀ náà ní àmì dúdú róbótó méjì.

Ohun tó wá ń dà mí lọ́kàn rú nìyí: ẹ̀yìn àwọn kan dúdú kirikiri, ti àwọn mìíràn pupa rúsúrúsú. Orí igi kan náà ni mo ti mú wọn. Ṣé oríṣi méjì ni?

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ (Àgbádárìgì)

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Èmi kì í gbin máńgòrò, kùkúḿbà àti elégédé ni mo ń gbìn lápá Àjárá níbí. Ohun kan náà ló ń ṣe wá: èso kékeré á lọ́ kọrọdọ, á rà látinú. Nígbà tí mo ka tiyín ni mo lọ mú ọ̀kan nínú oko mi. Ìlà ìyeyè mẹ́ta ló wà lẹ́yìn tèmi, ọ̀kan wà láàárín gbùngbùn. Ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú, apá rẹ̀ sì ní àbàwọ́n dúdú ní ṣóńṣó. Ṣé èyí tó wà ní Ẹ̀pẹ́ náà ló dé ọ̀dọ̀ mi ni?

Tíṣà Agíríkì (Ìkòròdú)

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ oko. Kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Ìlà mẹ́ta, àbàwọ́n ní ṣóńṣó apá, lórí kùkúḿbà àti elégédé, Zeugodacus cucurbitae nìyẹn. Láti Éṣíà ló ti wá. Gbogbo ẹbí elégédé ló ń jẹ, bàrà náà wà níbẹ̀.

Ọlọ́gbà, gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn bá eṣinṣin èso tí wọ́n ń pè ní Bactrocera dorsalis mu. Àwọ̀ ẹ̀yìn tó yàtọ̀ síra yẹn kò sọ ọ́ di méjì. Ohun tó da àwọn onímọ̀ ńláńlá pàápàá lọ́kàn rú nìyẹn, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ní ọdún 2003 ni wọ́n rí eṣinṣin kan lápá etíkun Kenya tí ẹnikẹ́ni kò rí rí nílẹ̀ Áfíríkà. Ó jọ dorsalis, èyí tí Hendel ti ṣàpèjúwe láti Taiwan ní 1912, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kò dúró lójú kan: dúdú, pupa, àti èyí tó wà láàárín. Wọ́n fi wé èyí tó wá láti Sri Lanka, ó bá a mu. Nígbà tó di 2005, Drew, Tsuruta àti White fún un lórúkọ tirẹ̀, Bactrocera invadens. Láàárín ọdún díẹ̀, ó ti tàn ká Áfíríkà, ó dé Nàìjíríà, ó dé orílẹ̀-èdè Benin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ níbẹ̀ yẹn.

Àwọn onímọ̀ kò sinmi lórí rẹ̀. Wọ́n wọn apá àti ẹ̀yà ara wọn, wọ́n yẹ DNA wọn (àmì ìran tó wà nínú ara) wò, wọ́n yẹ òórùn tí akọ fi ń fa abo wò, wọ́n sì kó àwọn tó wá láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sínú àgò kan náà bóyá wọ́n á gun ara wọn. Wọ́n gun ara wọn, ọmọ wọn yè, ọmọ náà sì bímọ. Ní 2015, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fẹnu kò pé dorsalis ni invadens, dorsalis náà sì ni èyí tí wọ́n ti ń pè ní papayae. Wọn kò fi carambolae, eṣinṣin mìíràn tó jọ ọ́, kún un. Ìyẹn dá dúró títí dòní. Nítorí náà, tí ẹ bá rí ìwé àtijọ́ tó ń sọ̀rọ̀ invadens, eṣinṣin tó wà nínú ìgò yín ló ń sọ.

Ọmọ Ejìnrìn (Ẹ̀pẹ́)

Tíṣà, mo gbádùn ìtàn yẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun tó wà lọ́kàn mi. Tó bá gba àwọn ọ̀mọ̀wé ní ọdún mẹ́wàá láti mọ orúkọ rẹ̀, kí ni àǹfààní orúkọ fún àgbẹ̀ tí máńgòrò rẹ̀ ń já bọ́ lónìí? Eṣinṣin ṣáà ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kòkòrò (Ẹ̀pẹ́)

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Owó ló wà níbẹ̀. Ohun tó ń fa akọ eṣinṣin kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Methyl eugenol, èròjà olóòórùn kan, ló ń fa akọ dorsalis, ó sì ń fà á láti ọ̀nà jíjìn. Tí ẹ bá fi sínú pàkúté, ojú yín á rí ohun tó pọ̀. Ẹ gbé pàkúté kan náà sínú oko elégédé ìyá wa, ti ìyá wa kò ní yà síbẹ̀, cue-lure ni tirẹ̀ ń tẹ̀ lé. Àwọn eṣinṣin èso mìíràn náà wà: trimedlure ni ti Ceratitis capitata, terpinyl acetate ni ti Ceratitis cosyra. Ẹni tí kò mọ eyí tó ní lóko á ra èyí tí kò kàn án, á wá sọ pé pàkúté kò ṣiṣẹ́. Ní erékùṣù Rota ní òkun Pàsífíìkì, ní àwọn ọdún 1960, methyl eugenol pẹ̀lú oògùn ni wọ́n fi pa akọ dorsalis run títí kò fi sí èyí tó máa gun abo mọ́. Erékùṣù ni o, omi yí i ká. Àwa tí a ò ní odi, a lè fi mọ iye tó wà lóko, ká sì dín wọn kù, àmọ́ òun nìkan kò lè parí wọn.

Tíṣà, mo fẹ́ fi ohun kan kún ọ̀rọ̀ yín, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Lẹ́tà T tó wà ní ìdí nìkan kò tó fi dájú, ó wà lára àwọn mìíràn nínú ẹbí Bactrocera. Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni pé ìlà méjì, ìyeyè tó wà lẹ́yìn, apá tó mọ́ àti àmì ojú bá ara wọn mu. Síbẹ̀, eṣinṣin tó bà lé èso lè jẹ́ àlejò tó ń kọjá. Ẹ̀rí tó lágbára jù ni èyí tó jáde látinú èso fúnra rẹ̀. Ẹ bu yanrìn gbígbẹ sínú ike, ẹ to èso tó ti ní ihò sórí àwo oníhò tàbí asẹ́ lókè yanrìn náà kí oje má bàa rin yanrìn jù, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ so ẹnu rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e síbi òjìji. Ẹ ya èso igi kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Tí wọ́n bá jáde, ẹ má pa wọ́n lójú ẹsẹ̀. Ẹ fún wọn ní omi àti ṣúgà díẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí àwọ̀ wọn lè jáde dáadáa.

Olóko Odògùnyàn (Ìkòròdú)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Àwa náà ti jìyà rẹ̀ lápá ibí. Ohun tí mo fẹ́ kí Ọlọ́gbà wò ni igi fùrúùtù, èyí tí a máa ń gbìn síwájú ilé fún òjìji. Ṣé ọ̀kan wà nítòsí ọgbà yín? Èso rẹ̀ tó ń já bọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í ṣa, ẹ la á wò. Nígbà tí kò sí máńgòrò, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Gúáfà náà ń gbà wọ́n, òro náà ń gbà wọ́n, ẹ̀gbẹ̀sì inú igbó náà ń gbà wọ́n.

Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ jù ni pé a kì í fi èso tó já bọ́ sílẹ̀ sùn. A ń ṣà á sínú ọ̀rá dúdú, a ń so ẹnu rẹ̀ pa, a ń gbé e sínú oòrùn títí gbogbo ìdin inú rẹ̀ á fi kú. Àwọn kan máa ń kó o lọ dà sí ẹ̀yìn oko. Ìdin á kúkú wọlẹ̀ níbẹ̀, á jáde, á padà wá. Ohun kejì: a ò jẹ́ kí wọ́n fọ́n oògùn sí èèrà pupa tó ń so ewé pọ̀ ṣe ilé lórí igi. Ó máa ń ta àwọn tó ń ká èso, mo mọ̀, wọ́n sì máa ń ráhùn sí mi. Àmọ́ igi tí èèrà yẹn bá wà, eṣinṣin kì í lè dúró yé ẹyin níbẹ̀ pẹ́.

Tíṣà Agíríkì (Ìkòròdú)

Òótọ́ ni ti èèrà yẹn. Oecophylla longinoda ni. Àwọn tó ṣèwádìí nínú oko máńgòrò ní orílẹ̀-èdè Benin rí i pé igi tí wọ́n bá pọ̀ sí, èso tí eṣinṣin bà jẹ́ níbẹ̀ kéré gan-an sí ti igi tí kò ní.

Ọlọ́gbà Pókà (Ẹ̀pẹ́)

Mo padà dé o. Igi fùrúùtù wà lẹ́yìn ọgbà, lórí ilẹ̀ aládùúgbò mi. Ohun tí Olóko sọ gan-an ni mo bá níbẹ̀, ìdin kún un.

Mo kó èso sínú ike mẹ́ta: máńgòrò, fùrúùtù, àti gúáfà tó wà lẹ́bàá kànga. Wọ́n ti jáde. Ti fùrúùtù, oníkálukú wọn ló ní T ní ìdí, dúdú àti pupa pa pọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ yẹn ti yé mi wàyí, torí ike kan náà ni wọ́n ti yọ. Ti máńgòrò, èyí tó pọ̀ jù ni onílẹ́tà T, àmọ́ àwọn díẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n kéré sí i, ara wọn pọ́n bí ìyeyè, ẹ̀yìn wọn ní àmì dúdú tó-tò-tó, mẹ́ta wà ní ìparí ẹ̀yìn. Apá wọn ní ìlà aláwọ̀ ìyeyè gbọọrọ, ìdí apá náà sì rí wínníwínní. Ti gúáfà wá yàtọ̀ sí gbogbo rẹ̀: ẹyọ kan ló yọ láàárín àwọn onílẹ́tà T, abo ni torí mo rí abẹ́rẹ́ ìdí rẹ̀, ó ṣú díẹ̀, apá rẹ̀ ní ìlà bíi ti àwọn kékeré yẹn, àmọ́ ó tóbi jù wọ́n lọ. Kò jọ èyíkéyìí nínú ohun tí ẹ ti sọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kòkòrò (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, Ọlọ́gbà. Àwọn kékeré inú máńgòrò, Ceratitis cosyra ni. Ìbílẹ̀ Áfíríkà ni ìyẹn, òun ló ti wà nídìí máńgòrò wa kí dorsalis tó dé. Pàkúté methyl eugenol kò ní mú un, kẹ́ ẹ fi sọ́kàn.

Ti gúáfà ló mú mi jókòó tì í. Mo wo fọ́tò yín títí. Ceratitis ni, torí àbàwọ́n wínníwínní tó wà ní ìdí apá, àmọ́ mi ò ní sọ orúkọ tó tẹ̀ lé e. Mo fura sí ẹgbẹ́ kan nínú wọn tí abo wọn fẹ́ẹ̀ jọra tán: anonae, fasciventris, rosa. Nínú wọn, ẹsẹ̀ àárín akọ ni a fi ń dá wọn mọ̀, torí ó máa ń ní irun pẹrẹsẹ bí ìyẹ́, bí irun náà ṣe gùn tó àti ibi tó bẹ̀rẹ̀ sí ló ń yà wọ́n. Abo kò ní in. Rosa, apá ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà ni ilé rẹ̀, n kò retí rẹ̀ níbí. Anonae àti fasciventris wà lápá tiwa, ọkàn mi sì fà sí anonae, àmọ́ ìfura kì í ṣe orúkọ.

Ẹ má rò pé ìrọ̀rùn ni fún àwọn tó wà níbòmíràn. Lórí òkè gíga ní ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà, níbi tí òtútù wà, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi pe eṣinṣin tó wà níbẹ̀ ní rosa. Ẹsẹ̀ akọ yẹn náà ni wọ́n tún wò fínnífínní, pẹ̀lú DNA, kí wọ́n tó mọ̀ pé ti orí òkè kì í ṣe ọ̀kan pẹ̀lú ti ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ọdún 2016 ni wọ́n tó fún un lórúkọ, Ceratitis quilicii.

Ọmọ Ejìnrìn (Ẹ̀pẹ́)

Ọ̀gbẹ́ni Akẹ́kọ̀ọ́, kí wá ni Ẹ̀gbọ́n máa ṣe sí ẹyọ kan yẹn? Mo ní gúáfà lọ́dọ̀ mi tó ń rà bákan náà, mo lè kó èso wá kún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kòkòrò (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ kó o wá, ó máa wúlò. Gúáfà ọgbà méjèèjì ni kẹ́ ẹ kó sórí yanrìn, nínú ike ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, títí akọ á fi yọ. Tí akọ bá yọ, ẹsẹ̀ àárín ni kẹ́ ẹ ya fọ́tò rẹ̀, láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́. Abo tó wà nílẹ̀ yẹn, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nínú sípírítì kẹ́mísì. Ethanol 95% ló dára jù tí a bá máa yẹ DNA rẹ̀ wò, kẹ́ ẹ sì gbé e síbi tútù. Tí ọ̀rọ̀ náà bá kọjá tiwa, NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀, wà ní Ìbàdàn, iṣẹ́ lórí èso ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún láti 1975, IITA, ilé ìwádìí àgbáyé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀, náà wà níbẹ̀. Ilé ìkókòròpamọ́ IITA ní Abomey-Calavi lẹ́bàá Kútọnu ní àwọn eṣinṣin èso tí wọ́n ti dá mọ̀, tí a lè fi tiwa wé.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ (Àgbádárìgì)

Kútọnu kò jìnnà sí mi. Mo ní àwọn oníbàárà tó ń lọ tó ń bọ̀ níbẹ̀. Tó bá di dandan kí ẹnìkan gbé e lọ, ẹ jẹ́ kí n mọ̀, màá bá yín béèrè ohun tí ìwé rẹ̀ ń gbà ní ẹnubodè. Àmọ́ ẹ ràn mí lọ́wọ́ náà: níwọ̀n ìgbà tí mi ò tíì rí cue-lure rà, kí ni mo lè fi mú tèmi?

Tíṣà Agíríkì (Ìkòròdú)

Mà, yíìsì búrẹ́dì pẹ̀lú omi àti ṣúgà nínú ike tí ẹ dá ihò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Abo nílò oúnjẹ aṣaralóore kí ẹyin rẹ̀ tó lè gbó, ìdí nìyẹn tí òórùn yíìsì fi ń fà á. Kì í fà wọ́n láti ọ̀nà jíjìn bíi cue-lure, nítorí náà ẹ so ọ̀pọ̀ irú ike bẹ́ẹ̀ kọ́ láàárín oko, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó bàjẹ́. Èyí tó ti bàjẹ́ nínú kùkúḿbà, ẹ so ó mọ́ inú ọ̀rá bí Olóko ṣe sọ.

Ọlọ́gbà, ohun kan ṣoṣo ló kù kẹ́ ẹ tó gbé ìgò kankan kúrò nílé. Ẹ gé bébà kékeré, ẹ fi pẹ́ńsù kọ ibi tí ẹ ti rí i, ọjọ́ tó yọ, igi tí èso rẹ̀ ti wá, kẹ́ ẹ sì tì í sínú ìgò pẹ̀lú eṣinṣin náà. Pẹ́ńsù ni o, kì í ṣe bírò, torí sípírítì máa ń fọ yíǹkì dànù.

Ọlọ́gbà Pókà (Ẹ̀pẹ́)

Ó ti yé mi, Tíṣà. Mo ti kọ ọ́: Pókà, Ẹ̀pẹ́, gúáfà ẹ̀bá kànga. Ọmọ Ejìnrìn ń bọ̀ pẹ̀lú gúáfà tiẹ̀ lọ́la, yanrìn ti gbẹ sílẹ̀ dè é. Tí akọ bá ti yọ, fọ́tò ẹsẹ̀ rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ gbé síbí.